Bítù inú àpótí oyin: pàkúté nìkan ò lè gba ilé oyin là

Àwọn tí wọn ò ráyè wá lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá àwa Yorùbá tí a ń sin oyin sí ẹ̀yìnkùlé níbí ní Georgia, Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ ti ń pè mí pé kí ni mo sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu, mo dẹ̀ fi díẹ̀ kún un níbi tí àsìkò ò jẹ́ kí n sọ tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ káàsán o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tí gbogbo wa ti fojú ara wa rí. Ó di oṣù kẹjọ, ooru mú, ara ń yún èèyàn nínú aṣọ oyin, ẹ wá ṣí ọmọrí àpótí, ẹ rí nǹkan dúdú kéékèèké tó ń sáré kiri lábẹ́ ọmọrí, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kàn wọ́n báyìí kíá wọ́n ti sá wọ kọ̀rọ̀, oyin ń lé wọn, ẹ̀yin náà ń fi irin àpótí tẹ̀ wọ́n pa, ẹ pa mẹ́ta, mẹ́wàá sá lọ. Òun ni bítù, kòkòrò tí àwọn òyìnbó ń pè ní small hive beetle. Mìlímítà 5 sí 7 ni gígùn rẹ̀, tí ẹ bá to mẹ́ta pọ̀ ni wọ́n tó oyin kan, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó bá yá á di dúdú, ìwo méjèèjì orí rẹ̀ dẹ̀ rí rọ̀gọ̀dọ̀ lẹ́nu bíi kùmọ̀. Ara rẹ̀ le bí ìkarahun, oyin ò ríbi ta á, kò ríbi gé e jẹ. Tí oyin bá gbé ìjà kò ó, orí àti ẹsẹ̀ lá fà wọ inú bí ìjàpá, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ títí wọ́n á fi lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ohun tí gbogbo èèyàn sọ fún mi ni pé kí n lọ ra pàkúté. Mo lọ ra pàkúté. Mo ra oríṣi mẹ́ta, mo dẹ gbogbo ẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, àpótí yẹn ṣì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí gan-an nìyí, màá sọ ọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ pàkúté kankan: oyin ló ń ṣẹ́gun bítù, pàkúté kàn ń bá oyin ṣiṣẹ́ ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń dẹ pàkúté tí kò wo ògiri, owó rẹ̀ ló ń ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá, torí ó kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kòkòrò yìí, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ tó fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, Aethina tumida, Andrew Murray ni, ará Scotland, ní 1867, Calabar ni wọ́n dẹ̀ ti kó kòkòrò tó yẹ̀ wò ránṣẹ́ sí i. Calabar tiwa yìí o, Nàìjíríà. Nígbà tó di 1940, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lundie ní South Africa kọ ìwádìí kíkún nípa bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, ohun tó dẹ̀ hàn níbẹ̀ ni pé kòkòrò tí kò yọ oyin ilẹ̀ adúláwọ̀ lẹ́nu púpọ̀ ni, ilé oyin tó ti ń kú lọ ló máa ń rí jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi kà á sí. Àfìgbà tó dé ibí. Ní 1996 wọ́n ti rí i mú ní Charleston ní South Carolina, wọn ò tètè dá a mọ̀, ní 1998 ló wá bú jáde ní Florida, ilé oyin ń kú lọ rẹpẹtẹ, ìgbà yẹn ni wọ́n mọ ohun tó jẹ́. Ní 2002 wọ́n rí i ní Australia, ní 2014 ó wọ Ítálì láti apá Calabria, ìjọba ibẹ̀ ń jó àpótí oyin níná nítorí rẹ̀ nígbà yẹn.

Kí ló wá fà á tí kòkòrò kan náà fi jẹ́ àlejò lásán nílé tó wá di apanirun níbí? Mo ti rò ó gan, mo dẹ̀ ti bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ. Oyin ilé wa, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Òkè-Ògùn tàbí ẹ̀bá igbó kankan mọ̀ ọ́n, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Tí bítù bá wọlé, wọ́n á lé e kiri títí á fi há sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n á wá fi àtè tí wọ́n ń kó lára igi dí i mọ́bẹ̀, àwọn kan á dúró ṣọ́ ẹnu ihò náà bíi wọ́dà. Ẹ̀wọ̀n gidi ni. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àmọ́ bítù náà gbọ́n, ó máa ń fi ìwo rẹ̀ rọra pa oyin tó ń ṣọ́ ọ lẹ́nu bí ìgbà tí oyin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọrọ oúnjẹ, oyin yẹn á sì pọ oúnjẹ fún un, ẹlẹ́wọ̀n ò kú, wọ́dà ń bọ́ ọ. Tí ọ̀rọ̀ bá wá kọjá bẹ́ẹ̀, oyin ilé wa á kó ẹrù, gbogbo wọn á fi ilé sílẹ̀ á fò lọ síbòmíì. Oyin tí a ń sìn níbí, irú èyí tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù láyé àtijọ́ ni, wọ́n tutù, wọ́n ń ṣe oyin púpọ̀, wọn kì í tètè sá. Àwọn náà máa ń há bítù mọ́ kọ̀rọ̀ o, wọ́n mọ̀ ọ́n díẹ̀, àmọ́ ìjà wọn ò gbóná tó ti ilé, ilé tí wọn ò dẹ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn ni bítù á bà jẹ́ mọ́ wọn lórí.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń bà á jẹ́, torí àgbà tó ń sáré yẹn kọ́ ni ọ̀tá, ọmọ rẹ̀ ni. Obìnrin bítù kan lè yé ẹyin tó tó 1,000, òmíràn á tó 2,000 láyé rẹ̀, inú ihò tí oyin ò lè kira bọ̀ ló ń yé e sí, ẹyin náà funfun kín-ín-kín-ín, ó rí bí ẹyin oyin fúnra rẹ̀ àmọ́ ó kéré jù ú lọ. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin á pa. Ìdin á jáde, á wọnú afárá, á máa jẹ oyin, á máa jẹ ìyẹ̀fun òdòdó, á máa jẹ àwọn ọmọ oyin, bó dẹ̀ ṣe ń jẹ ló ń yàgbẹ́ sínú ẹ̀. Ìwúkàrà kan wà tó ń bá wọn rìn, Kodamaea ohmeri ni wọ́n ń pè é, òun ló ń mú oyin yẹn kan, á máa hó, á máa ṣàn jáde lára afárá, ẹ fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ bí ewédú, òórùn rẹ̀ dà bí ọsàn tó ti jẹrà. Tí òórùn yẹn bá ti wà, ayaba, ìyẹn ìyá tó ń yé ẹyin nínú ilé oyin, á dáwọ́ ẹyin dúró, oyin á kó jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ilé tó kún fọ́fọ́ lè dà bẹ́ẹ̀ nínú ooru yìí.

Ẹ má fi ìdin rẹ̀ pe ìdin àfòpiná o, ìyẹn náà ń wọ ilé oyin. Ìdin àfòpiná máa ń ta òwú bí aláǹtakùn káàkiri afárá, ti bítù kì í ta òwú. Ẹ yí i dojú dé, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ti bítù ní ẹsẹ̀ mẹ́fà lẹ́bàá orí nìkan, ó dẹ̀ ní ẹ̀gún kéékèèké lẹ́yìn, tí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ó le, ti àfòpiná rọ̀, àwọn ẹsẹ̀ kúkúrú míì wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀.

Tí ìdin bítù bá yó tán, á jáde kúrò nínú àpótí lóru, á rìn lórí ilẹ̀, á wà á wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í jìnnà sí àpótí, wọn kì í dẹ̀ wa ilẹ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ilẹ̀, ó ti di bítù tó ń fò, ìrọ̀lẹ́ ló dẹ̀ fẹ́ràn láti fò, á padà wá sínú àpótí yín tàbí kó fò lọ sí ti ẹlòmíì ní ọ̀nà jíjìn. Ó lè lo oṣù mẹ́fà láyé. Ìgbà òtútù ńkọ́? Á wọ àárín oyin, níbi tí wọ́n ṣùpọ̀ sí tí wọ́n ń yá ooru, á bá wọn yáná títí òtútù á fi lọ. Ẹni tó bá rò pé sínóò á bá òun pa á, sínóò ò ní pa á.

Ó yá, pàkúté.

Èyí tó pọ̀ jù nínú pàkúté bítù tí ẹ ń rí lórí igbá, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Oyin ń lé bítù, bítù ń wá ihò tóóró tí oyin ò lè gbà, a wá ṣe ihò tóóró yẹn fún un, a da òróró sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó sá wọ̀ ọ́, ó kó sínú òróró, ó kú. Ẹ kíyè sí i, ẹ jọ̀ọ́: tí oyin ò bá lé e, kò ní sá, tí kò bá sá, kò ní wọ pàkúté. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé àpótí tó lágbára ni pàkúté rẹ̀ máa ń kún fún òkú bítù, àpótí tí kò lágbára á gbófo, ẹni tó ni ín á máa yọ̀ pé òun ò ní bítù, bítù ti tẹ́ ẹní sínú afárá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti oníke tó rí gbọọrọ, tí wọ́n ń fi há àárín fíréèmù méjì, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tí oyin ń mọ afárá sí nínú àpótí, Beetle Blaster wà lára wọn. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ rọ òróró sí i dé ìdajì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá dànù sórí oyin, oyin yẹn kú nìyẹn, òróró máa ń dí ihò tí wọ́n fi ń mí. Òróró ilé ìdáná náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nínú ooru ó máa ń bàjẹ́ ó ń rùn, mo ti yí padà sí mineral oil èyí tí wọ́n ń tà ní ilé òògùn, ìyẹn kì í bàjẹ́. Àárín fíréèmù kìíní àti ìkejì ni kí ẹ fi ọ̀kan sí, kí ẹ fi ìkejì sí àárín méjì tó gbẹ̀yìn lódìkejì, torí ẹ̀gbẹ́ ni oyin máa ń lé bítù sí, àárín gbùngbùn jẹ́ tàwọn ọmọ. Àpótí tó wà lókè ni kí ẹ fi sí. Tí ẹ bá padà dé lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí ẹ rí i pé oyin ti fi àtè dí ojú ihò rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ ha á tàbí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí pàkúté tó ti dí, ilé ni ẹ kọ́ fún bítù yẹn. Mo ti rí èyí tí ẹnì kan fi sílẹ̀ látọdún tó kọjá, òróró inú rẹ̀ ti gbẹ, bítù àáyè ló kún inú rẹ̀.

Ìkejì ni àwo òróró tó ń wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ yọ pákó ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi àwọ̀n sí i, àwọ̀n tí bítù lè gbà já bọ́ tí oyin ò lè gbà, àwo òróró á wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ò rí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ tó o, torí kì í ṣe àgbà nìkan ló ń kó, ìdin tó bá ń jáde lọ sínú ilẹ̀ náà ń já bọ́ sí i. Àmọ́ wàhálà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àpótí gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ, kó má tẹ̀ síbì kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kejì á gbẹ. Tí òjò bá rọ̀ wọ̀ ọ́, omi á sọ̀ kalẹ̀, òróró á léfòó, á kún dànù sílẹ̀, èèrà á bá a níbẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa dà á nù. Ẹni tí kò lè máa fà á yọ lọ́sẹ̀ méjì méjì, kó má ra á.

Ìkẹta, aṣọ ìnulẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́nu Swiffer. Èyí tí kò ní lọ́fínńdà ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ sórí fíréèmù ní igun, oyin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, á máa hu bí òwú, ẹsẹ̀ bítù tó ń sáré á há sí i. Ó pọ́ọ́kú, ó dẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí tí oyin pọ̀ sí. Nígbà míì oyin kan tàbí méjì náà á há síbẹ̀, ó máa ń dùn mí, mo máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá ṣì wà láàyè.

Fínígà àpùlù ńkọ́? Àwọn kan ń fi díẹ̀ sínú pàkúté pẹ̀lú òróró kó lè fa bítù, pàkúté tí ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Hood ní Yunifásítì Clemson ṣe tiẹ̀ ní yàrá fún fínígà lọ́tọ̀, yàrá òróró lọ́tọ̀. Ó dáa. Tí ẹ ò bá rí i, òróró nìkan náà tó, torí kì í ṣe òórùn ló ń gbé bítù dé ibẹ̀ bí ẹ̀rù oyin ṣe ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àpótí tí mo ní ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ògiri. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Oyin yẹn ti ṣiṣẹ́ dáadáa ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún nígbà tí igi tulip poplar tanná, mo fi àpótí méjì kún tiwọn, wọ́n kún un. Mo kórè ní oṣù kẹfà. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ìyẹn níbí, òdòdó á wọ́n, ayaba á dín ẹyin kù, oyin inú àpótí á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Èmi dá àpótí òfìfo méjèèjì padà sórí wọn, mo ní kí wọ́n ráyè. Oyin ò tó àyè yẹn mọ́. Mo tún wá rò pé ebi ń pa wọ́n, mo gé pátì ńlá kan, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n ń pò fún oyin, mo tẹ́ ẹ sórí fíréèmù, mo dé ọmọrí, mo dẹ pàkúté sí i, mo bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ kejìlá ni mo padà ṣí i. Kò séyìí tó jẹ́ pátì mọ́ níbẹ̀, ìdin ni gbogbo ẹ̀, ó ń rìn, ó ń ṣàn, òórùn ọsàn jíjẹrà yẹn lù mí lójú. Oyin tó kù ò ju ẹ̀kún ọwọ́ méjì lọ. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Pàkúté mẹ́ta ló wà nínú àpótí yẹn, mo ti sọ ọ́. Àmọ́ kò sí oyin tó máa lé bítù dé ibẹ̀. Afárá tí oyin ò bo, ilẹ̀ tí kò lólúwa ni, bítù ló ni ín. Torí náà láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti kórè tán, mo máa ń dín ilé kù. Mo máa ń wo fíréèmù kọ̀ọ̀kan, tí oyin ò bá bo ojú méjèèjì rẹ̀, mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀. Àpótí mẹ́ta á di méjì, méjì á di ẹyọ kan, tó bá tiẹ̀ gba kí n kó wọn sínú àpótí kékeré onífíréèmù 5, màá kó wọn. Wọ́n á fún mọ́ra, àmọ́ kò ní sí igun tí wọn ò ṣọ́. Pátì, tó bá pọn dandan, èyí tí wọ́n lè jẹ tán lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta ni, kékeré bí ìka méjì. Ilé tí ayaba rẹ̀ ti kú tàbí tó ti gbó, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, ẹ fún un ní ayaba tuntun tàbí kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, torí bítù máa ń mọ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Nǹkan míì tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà yẹn: ẹ má máa ṣí àpótí ṣáá lóṣù keje sí ìkẹsàn-án. Mo mọ̀ pé ó máa ń wù wá, ó máa ń wu èmi náà, pàápàá tí àlejò bá wá sílé tí a fẹ́ fi hàn wọ́n. Àmọ́ ẹ rántí ẹ̀wọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbàkúùgbà tí ẹ bá fi irin ya ọmọrí yẹn kúrò lára àpótí, àtè ni ẹ ń já, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ni ẹ ń ṣí, gbogbo bítù tí oyin ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta há mọ́ kọ̀rọ̀ á tú dà sórí afárá, àwọn obìnrin wọn á ti ráyè yé ẹyin kí oyin tó tún kó wọn jọ. Ẹ tún ṣọ́ra kẹ́ ẹ má tẹ oyin pa. Oyin tí wọ́n tẹ̀ pa, tàbí tó bá ń bínú, máa ń tú òórùn kan jáde tó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, òórùn yẹn ló ń pe oyin yòókù síjà, bítù náà ń gbọ́ ọ, òun náà ń bọ̀.

Ibi tí àpótí wà náà kà. Bítù fẹ́ràn òjìji àti ọ̀rinrin, ẹ gbé àpótí síbi tí oòrùn ti ń pa á. Ilẹ̀ amọ̀ pupa Georgia yìí tó bá gbẹ máa ń le fún ìdin láti wa, ilẹ̀ yanrìn tó tutù ló bá a lára mu. Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí ní adìyẹ, ó jẹ́ kí wọ́n máa jẹ̀ lábẹ́ àpótí oyin, wọ́n ń ha ilẹ̀ wọ́n ń ṣa ìdin jẹ, mo fẹ́ràn ìyẹn gan. Àwọn aràn kéékèèké kan dẹ̀ wà tí wọ́n ń tà, Heterorhabditis indica, ẹ pò wọ́n mọ́ omi, ẹ wọ́n ọn sí ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ torí oòrùn ń pa wọ́n, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà tutù, wọ́n á wọ ara bítù tó wà nínú ilẹ̀, wọ́n á pa á. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó jáde látinú àpótí yín. Kò ní dá èyí tó ń fò bọ̀ láti ilé aládùúgbò dúró.

Oyin tí ẹ kórè, ẹ fún un kíákíá, kó má ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ẹ má kó fíréèmù oyin jọ sí gáréèjì kẹ́ ẹ ní ó di wíkẹ́ẹ̀ńdì tó ń bọ̀. Kò sí oyin tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀, ẹyin bítù tó ti wà lára rẹ̀ á pa, ẹ á kàn jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ rí ìdin tó ń rìn nílẹ̀ símẹ́ǹtì. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú yàrá, kó tàn án, tí ọ̀rinrin bá ti lọ sísàlẹ̀ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹyin bítù á gbẹ dànù. Afárá tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ kó o sí fìrísà fún wákàtí 24, kò sí bítù tó máa yè é, bóyá ẹyin ni o, bóyá ìdin ni, bóyá àgbà.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi mí náà dáa, màá kọ díẹ̀ níbẹ̀.

Màmá kan bèèrè bóyá òun lè fi òògùn aáyán sínú pàkúté, torí ẹnì kan sọ fún wọn pé ó ń pa bítù fin-ín-fin-ín. Mà, ẹ má dán an wò. Oyin náà, kòkòrò ni, ohun tó ń pa aáyán á pa á. Òfin ibí ò gbà á nínú àpótí oyin, ẹ dẹ̀ rántí pé oyin yẹn ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe ìkómọ, òun ni wọ́n ń tọ́ sí ọmọ tuntun lẹ́nu láti ṣàdúrà fún un. [Lẹ́yìn ìpàdé mo tún bá màmá sọ ọ́ pé kí wọ́n máa fi oyin kan ètè ìyá ọmọ dípò ọmọ fúnra rẹ̀, torí àwọn dókítà ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má tọ́ oyin wò rárá.] Àwọn òògùn kan wà tí ìjọba gbà, ọ̀kan ń wà nínú àpótí lábẹ́ páálí, ọ̀kan wà fún ilẹ̀. Èmi ò lò wọ́n. Ẹni tó bá máa lò ó, kó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó má fi sí i nígbà tí oyin tí òun máa jẹ wà lórí àpótí.

Àbúrò kan ní ẹ̀gbọ́n òun ń sin oyin ní Ìsẹ́yìn, ṣé kí òun fi pàkúté ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní kó fi owó yẹn ra aṣọ oyin tó dáa fún wọn. Oyin ọ̀hún ti ń bá bítù gbé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó yẹ kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé kí wọ́n má fi afárá tí wọ́n kórè sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n má dẹ̀ máa tú àpótí palẹ̀ lásán, torí oyin ilé wa tí wọ́n bá yọ lẹ́nu, kíá ni wọ́n á fò lọ, ẹni tó bá padà lọ wò ó á bá àpótí òfìfo.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló gbà mí láyè jù: bítù mélòó ló ti pọ̀ jù? Mi ò ní iye kan tí mo lè pè fún yín. Ilé tí oyin rẹ̀ pọ̀ lè ní bítù tó pọ̀ gan kó má mira, ilé kékeré á kú sọ́wọ́ díẹ̀. Àgbà 50 tó ń sáré lábẹ́ ọmọrí ò bà mí lẹ́rù tó ìdin márùn-ún lórí afárá. Torí náà tí ẹ bá ṣí àpótí, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń sáré gba ojú yín. Ẹ fa fíréèmù ẹ̀gbẹ́ yọ, ẹ gbé e sí oòrùn, ẹ wo inú ihò afárá tí ìyẹ̀fun òdòdó wà, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo pákó ìsàlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí ìdin, ẹ yọ fíréèmù yẹn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ gbé e wọ fìrísà, ẹ dín àpótí kù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, kó má di ọ̀la, kí ẹ tó wá wo pàkúté bóyá òróró rẹ̀ ṣì wà.